Irinṣẹ́ wo ló tọ́ láti fi fọ RV olórùlé rọ́bà?

ỌmọÌjẹ̀bú_SATX:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ra irinṣẹ́ tí n ó fi máa fọ RV, ọkọ̀ tó ní ilé nínú, fúnra mi, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ojúlówó ni n ó rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Travel trailer ni, èyí tí pickup ń fà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 11 láti ilẹ̀ dé orí AC. Ara rẹ̀ jẹ́ fiberglass dídán tó ní sítíkà ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ rọ́bà EPDM. Ó ní slide-out kan (apá yàrá tó ń yọ síta), awning rẹ̀ (aṣọ ìbòòjì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀) sì jẹ́ vinyl. San Antonio la wà ní Texas níbí, omi ẹ̀rọ ibẹ̀ sì le: ibi tó bá gbẹ sí, àmì funfun ló ń fi sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé kí n ra pressure washer, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, ni, àbí họ́ọ̀sì lásán tó? Búrọ́ọ̀ṣì wo ni kò ní ha fiberglass, báwo sì ni ọ̀pá rẹ̀ ṣe yẹ kó gùn tó? Ọṣẹ wo ló yẹ rọ́bà orí òrùlé? Kí ló ń mú ìlà dúdú tó ń ti òrùlé ṣàn wá sára ògiri kúrò? Àwọn kòkòrò lovebug tó ń kú mọ́ iwájú ọkọ̀ ní ọ̀nà etí òkun Gulf ńkọ́?

Ẹ ṣeun.

---

FọkọTónítóní:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí pressure washer ṣì dúró ná. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó sí, torí òun ló ń fara kan ara ọkọ̀, òun náà ló sì ń bà á jẹ́ jù.

Awọ tó ń dán lójú fiberglass yẹn, gelcoat ni wọ́n ń pè é, kò sì nípọn rárá. Búrọ́ọ̀ṣì líle, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ gáréèjì, á fi ìlà wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ ò ní rí ìlà náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́, àfi ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ẹ wo orí irun búrọ́ọ̀ṣì dáadáa kí ẹ tó sanwó. Orí irun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti là sí wẹ́wẹ́, bí orí pákò tí a ti rún. Tó bá mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ẹ fi í pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ta yín, á ha gelcoat.

Orí búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ tó íǹṣì 10 ló dára. Èyí tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wúwo tó bá ti mumi tán, apá á sì ti rọ yín kí ẹ tó fọ ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdí. Wọ́n á tún fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ hàn yín. Ó rọ̀, ó ń gba ìhó ọṣẹ mọ́ra ju oníke lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì gba ìwà ọ̀lẹ: bí ẹ kò bá gbé e kọ́ kó gbẹ dénú, á bu, irun rẹ̀ á sì máa já. Oníke tí orí rẹ̀ ti là tó fún ọkọ̀ yín.

Ní ti ọ̀pá, ẹ fi ojú díwọ̀n rẹ̀ báyìí. Ẹni tó dúró sílẹ̀ tó na ọwọ́ á dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Ògiri yín kò tó 11, torí AC wà nínú 11 tí ẹ wí. Ọ̀pá tó ń nà láti ẹsẹ̀ bàtà 4 dé 8 á kárí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ́kù. Ẹ má ra èyí tó ń nà dé 12. Bí ọ̀pá bá ti gùn tó bẹ́ẹ̀, yóò máa tẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á kàn máa fò lójú ògiri láìbó ìdọ̀tí. Àwọn tó ní Class A, RV ńlá bíi bọ́ọ̀sì, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ ló nílò ọ̀pá gígùn bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà sì gbé àkàbà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò lára ọ̀pá. Èkíní ni ibi tí ó ti ń tì. Èyí tí a ń yí láti fi tì í máa ń yọ̀ tí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́. Èyí tí a ń tẹ̀ pa bí ìdè ló ń pẹ́. Èkejì ni ẹnu rẹ̀ tó ń gba búrọ́ọ̀ṣì: ilé iṣẹ́ kan ń lo èyí tí a ń yí wọlé, òmíràn ń lo èyí tí a ń kì bọ inú ara wọn, orí ti ọ̀kan kì í sábàá wọ ọ̀pá ti èkejì. Ẹ ra méjèèjì papọ̀. Ẹ̀kẹta ni omi: ẹ ra èyí tí omi ń gba inú ọ̀pá kọjá jáde láàárín irun búrọ́ọ̀ṣì, kó sì ní kọ́ọ̀kì tí a fi ń pa omi nítòsí ọwọ́. Omi tó ń jáde yẹn ló ń ti yanrìn kúrò nínú irun kó tó di sáńpépà mọ́ ọkọ̀ lára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ń fi ọṣẹ bó ògiri, ẹ pa kọ́ọ̀kì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á ti gbé ọṣẹ lọ kó tó ṣiṣẹ́. Àlùmínọ̀mù ni ọ̀pá wọ̀nyí, ó sì ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná: ẹ wòkè kí ẹ tó nà án, pàápàá níbi tí wáyà iná bá gba orí ọkọ̀ kọjá.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì gálọ́ọ̀nù 5 méjì: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi asẹ́ oníke sí ìsàlẹ̀ méjèèjì kí yanrìn lè rọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta àti akísà tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún táyà àti rímù. Wọn kò gbọ́dọ̀ padà wá sára ògiri láé. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe nù ún lára ṣòkòtò kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ fi omi họ́ọ̀sì ṣan inú irun rẹ̀ títí yóò fi mọ́.

Ọṣẹ ọkọ̀ tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n ìkan rẹ̀) kò ga tí kò sì relẹ̀ ni kí ẹ lò. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ nǹkan bí ounce 1 sí gálọ́ọ̀nù omi 1, ìyẹn nǹkan bí mílílítà 30. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kó dá yín lójú. Ọṣẹ abọ́ máa ń bọ́ wax kúrò lára gelcoat, tí kò bá sì sí wax mọ́, oòrùn Texas á sọ ọ́ di ẹfun láìpẹ́.

Ìlà dúdú yẹn, eruku àti ẹfun orí òrùlé ló pò pọ̀ tí òjò ń gbé sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òrùlé, ẹ ó rí ẹnu kékeré oníke tí omi ń gbà jáde. Bí ẹnu yẹn bá kúrú tàbí tó ti ṣẹ́, ara ògiri ni omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìdajì ìlà náà kò ní padà wá mọ́. Èyí tó ti wà níbẹ̀, ẹ fi omi apalà dúdú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù RV fín in, ẹ fi aṣọ microfiber nù ún kó tó gbẹ, kí ẹ sì ṣan án. Ó ń kó wax ibẹ̀ lọ o, nítorí náà ẹ fi wax tuntun pa ojú ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Kànìnkànìn funfun melamine tí wọ́n fi ń nu ògiri ilé, ẹ má fi kan sítíkà. Bó ṣe rọ̀ lọ́wọ́ tó nì, iṣẹ́ sáńpépà ló ń ṣe: á pa dídán gelcoat, á sì bó àwọ̀ sítíkà.

---

BàbáÒrùlé:

Ọ̀rọ̀ FọkọTónítóní pé, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi á sọ ti òkè, torí pé òkè ni ìdọ̀tí ògiri ti ń wá. Ẹni tó bá fọ ògiri tí kò fọ òrùlé, òjò àkọ́kọ́ á sọ iṣẹ́ rẹ̀ di asán.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé EPDM ni lóòótọ́. Ẹ fi ìka gbígbẹ ra òrùlé: bí ẹfun funfun bá tẹ̀lé ìka, EPDM ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. TPO, oríṣi òrùlé mìíràn tó jọ ọ́, kì í sábàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹfun yẹn kì í ṣe àìsàn. Oòrùn ló ń jẹ ojú rọ́bà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kan EPDM: ohunkóhun tó bá ní epo rọ̀bì nínú, kẹrosíìnì, tínà, àti ọṣẹ tí wọ́n fi òróró èèpo ọsàn ṣe. Wọ́n máa ń wọ inú rọ́bà, rọ́bà á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, gọ́ọ̀mù tó so ó mọ́ pákó abẹ́ rẹ̀ á sì tú. Ìbàjẹ́ yẹn lè má ṣeé tún ṣe. Ọṣẹ òrùlé rọ́bà tí wọ́n ń tà fún RV, tàbí ọṣẹ ọkọ̀ lásán tí a fi omi là, ti tó.

Búrọ́ọ̀ṣì òrùlé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ògiri. Èyí tí irun rẹ̀ wà láàárín líle àti rírọ̀ ni kí ẹ lò, torí rírọ̀ kò lè bó ẹfun. Bí ẹ bá lo ọ̀kan náà fún méjèèjì, ẹfun àti iyẹ̀pẹ̀ orí òrùlé ni ẹ ó fi pa gelcoat.

Ẹ tún wo bóyá òrùlé yín ṣeé rìn lé. Ìwé ọkọ̀ á sọ ọ́. Àkàbà tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìwọ̀n tó lè gbé, ó sábàá wà láàárín pọ́ùn 250 sí 300, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀. Bó bá ṣeé gùn, ẹ gbé páálí plywood tó fẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2, tó gùn ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ́wọ́, kí ẹ lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kúnlẹ̀ lé e. Ìwúwo yín á tàn kálẹ̀ dípò kó wà lójú kan. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà tí kò ní òkúta láàárín ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹni kan á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì, á rẹ ògiri méjèèjì kí ẹni òkè tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ògiri gbẹ títí iṣẹ́ òkè á fi parí. Omi ẹfun tó bá ṣàn sórí ògiri gbígbẹ ló ń lẹ̀. Èyí tó bá bá omi níbẹ̀ á kọjá lọ. Ẹni òkè á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, á máa padà sẹ́yìn síbi àkàbà. Kó má ṣe fi ọṣẹ sí ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú lóròó lọ lẹ́ẹ̀kan. Kó bó o, kó ṣan án, kó tó sún. Má ṣe tẹ ibi tí ọṣẹ ṣì wà. EPDM tó lọ́ṣẹ ń yọ̀ bí ilá, kò sì sí ohun tí a lè dì mú lókè yẹn.

Níwọ̀n bí ẹ bá ti wà lókè, ẹ wo gọ́ọ̀mù tó yí ihò afẹ́fẹ́, skylight, AC àti ẹsẹ̀ àńtẹ́nà ká. Ẹ wo bóyá ó ti sán, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí. Ibi tó bá ti ṣí, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ tún un ṣe ná. Lap sealant, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí òrùlé, èyí tó ń tẹ́ra rẹ̀ ni ti ojú òrùlé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tí kì í ṣàn ni ti ẹ̀gbẹ́ tó dúró gbọnrangandan. Ẹ má lo silicone tí wọ́n ń fi sí balùwẹ̀: kì í di EPDM mú dáadáa, tó bá sì ti wà níbẹ̀ rí, gọ́ọ̀mù tó tọ́ kò ní lẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún tó fún òrùlé. Ọkọ̀ tó ń gbé abẹ́ igi fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Adé_Fáíbà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn pressure washer díẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń ba ọkọ̀ jẹ́.

Èyí tí a ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣiṣẹ́ ni kí ẹ rà, ẹ fi oníbẹntiróòlù sílẹ̀ fún àwọn tó ń fọ kọnkéré. Ẹ má wo PSI, ìyẹn agbára tí omi fi ń jáde, nìkan, ẹ wo GPM, ìyẹn iye gálọ́ọ̀nù omi tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Omi púpọ̀ ló ń gbé ọṣẹ àti ìdọ̀tí lọ, agbára ló ń bó nǹkan. Fún RV, ẹ jẹ́ kí PSI wà ní nǹkan bí 1,200 sí 1,500, GPM ní 1.2 sókè.

Ẹnu ìbọn rẹ̀ ní àwọ̀. Pupa jẹ́ dígírì 0, omi rẹ̀ ń jáde bí ọ̀pá irin: ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò kí ẹnikẹ́ni má fi ṣèèṣì lò ó. Yẹ́lò jẹ́ 15, àwọ̀ ewé jẹ́ 25, funfun jẹ́ 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ. Funfun nìkan ni kó kan ògiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ má sún mọ́ ọn ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 lọ, kí ìbọn sì dagun díẹ̀, kó máa kọjú sísàlẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀. Ọkọ̀ yìí, òjò ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí òjò tó ń ti ìsàlẹ̀ rọ̀ sókè sábẹ́ rọ́bà fèrèsé.

Ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé: etí sítíkà, rọ́bà fèrèsé, rọ́bà slide-out, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ omi gbígbóná, ihò èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná, àsẹ́ afẹ́fẹ́ fíríìjì, iná kéékèèké orí ọkọ̀, àti gbogbo òrùlé. Sítíkà tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń súnkì, etí rẹ̀ á ṣí ní ìwọ̀n bébà. Omi alágbára á wọ ibẹ̀, á sì ká a sókè bí ẹní.

Ibi tó ti wúlò gan-an ni rímù, abẹ́ ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ ti dì, àti foam cannon. Cannon á fi ìhó nípọn bo ògiri, ẹ fi sílẹ̀ ìṣẹ́jú 3 sí 5 láìjẹ́ kó gbẹ, ìhó náà á rẹ eruku kúrò kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Bí cannon bá ń tú omi lásán tí kò hó lára ẹ̀rọ kékeré, ihò inú rẹ̀ ló tóbi jù. Mílímítà 1.25 ló sábàá bá a wá. Ẹ yí i sí 1.1.

Wáyà iná: bó bá jẹ́ dandan kí ẹ fà á, kí ó nípọn tó 12 gauge fún ẹsẹ̀ bàtà 50. Wáyà tínínrín máa ń gbóná, mọ́tò á sì jó.

---

ÌyáAwning:

Adé, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Ọkọ̀ tí gọ́ọ̀mù àti rọ́bà rẹ̀ ṣì le ni ẹ̀rọ yẹn yẹ. Ẹni tó ń béèrè yìí kò sọ ọjọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀ fún wa. Rọ́bà fèrèsé tó ti gbẹ kò fi hàn lójú pé òun ti gbẹ. Omi á wọlé, á jókòó sínú ògiri, pákó á sì ti jẹrà kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kankan nínú ilé. Foam gun tó ń so mọ́ họ́ọ̀sì lásán, ìhó rẹ̀ kò tó ti cannon, ṣùgbọ́n kò lè ṣí rọ́bà. Kí ó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ awning. Ẹ ṣí i tán, ẹ fi omi lásán ṣan ewé àti eruku kúrò. Ẹ fi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á lókè àti lábẹ́, kí ẹ wá ká a wọlé fún ìṣẹ́jú 5. Kíká yẹn ló ń jẹ́ kí ọṣẹ lókè rẹ abẹ́ náà. Ẹ tún ṣí i, ẹ ṣan án, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níṣìí títí yóò fi gbẹ pátápátá, títí kan ibi tó ti wọnú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá ká a ní tútù, á bu, àmì dúdú tó máa ṣe kì í tètè kúrò lára vinyl.

Slide-out: ẹ gun àkàbà kí ẹ gbá orí rẹ̀ kí ẹ tó tì í wọlé. Ewé àti èso igi oak ló ń gún rọ́bà rẹ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀, tí rọ́bà bá gbẹ, ẹ fi òróró rọ́bà tí kò ní epo rọ̀bì pa á. Gíríìsì kọ́ o, gíríìsì ń kó yanrìn jọ.

Lábẹ́ férémù fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ihò kéékèèké wà tí omi inú férémù ń gbà jáde. Ẹ fi igi ìnu-etí yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bí ó bá dí, omi á kún férémù, á sì ṣàn sínú ilé.

---

ỌmọÌjẹ̀bú_SATX:

Ìyá, ẹ ṣé mà. Bàbá, ẹ ṣé sà. Ẹ̀yin yòókù, mo dúpẹ́. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, ẹ sì ti jẹ́ kí n mọ̀ pé foam gun ni kí n rà. Ohun méjì ló kù: omi líle yìí, àti àwọn RV park tí kì í gbà kí a da omi sílẹ̀. Lovebug náà, ẹ má gbàgbé.

---

FọkọTónítóní:

Púpọ̀ nínú omi San Antonio ń ti inú Edwards Aquifer, omi abẹ́ ilẹ̀, wá, òkúta ẹfun ló sì gbà kọjá. Calcium inú rẹ̀ ló ń di àmì funfun. Àsẹ́ búlúù tí wọ́n ń so mọ́ họ́ọ̀sì RV fún omi mímu kò ṣe nǹkan kan sí i. Òórùn klórínì àti ìdọ̀tí ló ń mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra ìyẹn, tí àmì kò sì kúrò.

Ọ̀nà méjì ló ń ṣiṣẹ́. Softener alágbèéká, ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀, ń fi sodium rọ́pò calcium; àmì ṣì lè wà, ṣùgbọ́n aṣọ tútù á nù ún kúrò, iyọ̀ lásán ni ẹ ó sì fi sọ ọ́ di tuntun. Agolo DI, tó ní resin tó ń gba èròjà inú omi, ń mú gbogbo rẹ̀ kúrò, omi rẹ̀ gbẹ láìfi ohunkóhun sílẹ̀, ṣùgbọ́n omi líle bí ti yín ń jẹ resin inú rẹ̀ tán kíákíá. Tí ẹ bá ra DI, omi ẹ̀rọ lásán ni kí ẹ fi fọ ohun gbogbo, kí ẹ fi ti DI ṣe ìṣankẹ́yìn nìkan. Ẹ ra òǹwọ̀n TDS kékeré, tó ń wọn èròjà tó yòrò sínú omi, sí i: DI tó dára á fi òǹkà 0 hàn, bí òǹkà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, resin ń kú lọ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ náwó sórí ìyẹn, ẹ fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ̀gbẹ́ tó wà lábẹ́ òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn, ẹ yọ ìbọn kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì kí omi máa ṣàn bẹ̀lẹ̀jẹ̀ láti òkè. Omi tó ń ṣàn bí aṣọ ń kó ìkán omi lọ, èyí tó ń fọ́n ká ló ń fi ìkán sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá onírọ́bà rírọ̀ gbá èyí tó kù, kí ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́wé oníbátìrì fẹ́ àyíká iná àti férémù fèrèsé, torí ibẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí tó fi ń sun jáde lẹ́yìn wákàtí kan. Àmì tó bá ti wà tẹ́lẹ̀, ọtí kíkan funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà á mú un kúrò lára gelcoat. Ẹ ṣan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára àlùmínọ̀mù.

Ní RV park, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ọṣẹ tí a kì í ṣan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni ẹ ó lò. Ẹ pò ó bí ìgò ṣe wí, ẹ rẹ aṣọ microfiber 8 tàbí 10 sínú rẹ̀, ẹ lo ojú aṣọ tuntun fún apá kọ̀ọ̀kan, má padà da aṣọ tó ti dọ̀tí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún tẹ̀lé e. Eruku ni èyí wà fún. Ẹrẹ̀ tó ti dì, ẹ má fi aṣọ kàn án láìlómi, á ha á. Nígbà tí ẹ bá ń fọ microfiber, ẹ má fi omi òórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Ó ń dí irun rẹ̀, kò sì ní lè fa omi mọ́.

Lovebug: May àti September ni wọ́n ń pọ̀ jù ní etí Gulf. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú oòrùn, oje ara wọn á di kíkan, á sì jẹ gelcoat, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá dé náà ni kí ẹ yọ ọ́. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì ńlá sínú omi ọṣẹ, ẹ fi lẹ iwájú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ẹ fi kànìnkànìn tó ní àwọ̀n gbá wọn kúrò láìtẹ̀ ẹ́. Wax tí ẹ bá fi pa iwájú kí ẹ tó kúrò nílé ló ń sọ iṣẹ́ wákàtí kan di ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

---

BàbáÒrùlé:

Ó ku họ́ọ̀sì. Bí a bá rìn yí ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 28 tó fẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 8 ká, 72 ni. Láti igun kan dé igun òdìkejì jẹ́ 36, ẹ fi ọ̀nà láti ẹnu ẹ̀rọ kún un. Bí ẹ̀rọ omi bá wà nítòsí, ẹsẹ̀ bàtà 50 tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 75. Kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 5/8, torí èyí tó há ń pa omi kù kó tó dé orí ọ̀pá. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ọ̀pá. Bó bá ti sọnù tàbí tó ti gbẹ, omi á máa ṣàn gba apá yín wọ abẹ́ ẹ̀wù ní gbogbo àsìkò iṣẹ́.

Kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí họ́ọ̀sì funfun tí ẹ ń fi fa omi mímu sínú ọkọ̀. Ẹ má kó méjèèjì sínú àpótí kan náà.